Ẹ Yọ Mí Kúrò Nínú Fọ́tò Yẹn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín, orúnkún mi sì ń gan nítorí ilẹ̀ tutù. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti dẹ̀? Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán, mo kí àwọn ẹbí yín ní Èsìẹ́. Dáre àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, mo kí ìwọ náà, ṣùgbọ́n má fo ibì kankan o. Ọ̀rọ̀ rẹ wà níbẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé kà á, torí kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀.

Màmá, òtútù Skọ́tíláǹdì kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé. Bí ọyẹ́ bá la èèyàn lẹ́nu láàárọ̀, oòrùn á yọ tó bá dọ̀sán. Níbí, oòrùn kàn ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣì ń ṣe. Ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Màgí ni mo ń tọ́jú. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń dì í mú tó bá fẹ́ rìn. Ìgbà mìíràn wà tí mi ò ní bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, àfi òun.

Nígbà tí Màgí ṣe ọjọ́ìbí, àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní òun ò ní jókòó ya fọ́tò, òun á dúró. Mo bá dì í mú lábẹ́ apá, wọ́n sì yà á. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi wá bá mi ní kíṣìnì. Ó ní òun gbọ́ pé ilé ìyàwòrán ni mo ti ṣiṣẹ́ nílé wa, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá AI, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n inú fóònù, sọ̀rọ̀ kó tún fọ́tò ṣe. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá kọ̀wé sí i, ojú ìyá òun ló máa ń yí padà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kó yọ. Ojú ò tì í rárá. Ó ní èmi ni. Ó ní kì í ṣe ìkórìíra o, ẹbí nìkan ni àwọn fẹ́ nínú rẹ̀.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: ojú ìyá, awọ rẹ̀ tó hun jọ, aṣọ rẹ̀. Mo wá sọ ẹni tó máa yọ: obìnrin dúdú tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, tó dúró lápá òsì. Mo ní ògiri àti fèrèsé ni kó fi dí ojú ibẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, torí bí èèyàn bá ti da ọ̀rọ̀ pọ̀ fún ẹ̀rọ yẹn, ó máa da fọ́tò rú.

Màmá, mo pòórá. Àmọ́ ọwọ́ mi ṣẹ́kù. Ọwọ́ dúdú kan wà lábẹ́ apá ìyá arúgbó, kò ní ara, kò ní ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n yọ ìyẹn náà. Mo kọ ọ́ pé kó yọ ọwọ́, ó yọ ọ́. Màgí wá dúró, ó fara ti òfìfo.

Ọmọ rẹ̀ gbé e lọ fún un. Ìyá náà wò ó títí, ó ní ta ló di òun mú níbí. Ọmọ ní kò sẹ́ni kankan, ó ní òun fúnra rẹ̀ ló dúró. Màgí ní irọ́ ni, láti ìgbà tí egungun ìdí òun ti kán, òun ò dá dúró rí. Ó ní kó gbé e kúrò lójú òun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Dáre fi fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n fi yín jẹ Ìyá Ìjọ ránṣẹ́. Ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ̀. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí ara mi lápá ọ̀tún yín! Èmi tí mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì Màgí lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Mo pupa fòò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, góòlù wà lọ́rùn mi. Àpá àgbọ̀n mi, èyí tí mo gbà nígbà tí ọ̀kadà gbé wa ṣubú lọ́nà Àrándùn, kò sí níbẹ̀. Èyí tó rí mi lára jù ni ọwọ́ yín. Ọwọ́ yín tó ti roko, tó ti gúnyán, ẹ̀rọ ti dán an bí ọwọ́ ọmọge.

Mo pe Dáre. Mo ní kí lo kọ? Ó ní, “Mo fi fọ́tò yín àtijọ́ hàn án, mo ní kó fi ẹ̀gbọ́n mi kún un, kó jẹ́ kí gbogbo wọn rẹwà, kó hàn pé òkè òkun lẹ ti dé.” Mo pòṣé. Mo ní bí o bá kọ “kó rẹwà” láìsọ ohun tí ẹwà jẹ́, ẹ̀rọ á lọ mú ẹwà tiẹ̀ wá, tiẹ̀ ò sì jọ ìyá wa. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn ọmọ ìyá yòókù ló wá síbi ayẹyẹ náà, pé ojú ń tì yín. Ó ní ẹ ti gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀, pé nígbà tí ìyàwó pásítọ̀ béèrè, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wá, mo kàn tètè padà ni.

Màmá, mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ó sú mi, ó kó mi nírìíra. Níbi tí mo wà, wọ́n yọ mí. Níbi tí mi ò sí, ẹ fi mí sí. Ibo wá ni mo wà?

Mo ní kí Dáre fi ojúlówó ránṣẹ́, èyí tí ẹ̀rọ ò tíì fọwọ́ kàn. Ó ṣókùnkùn díẹ̀ torí òjò ṣú lọ́jọ́ náà. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ yín rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn tò sápá òsì yín. Àmọ́ ẹ ti sún díẹ̀, àyè ẹnì kan sì ṣófo lápá ọ̀tún. Mo pè é padà, mo bi í pé ta ló ní kẹ́ ẹ sún. Ó ní kò sẹ́ni kankan, pé ayàwòrán ní kẹ́ ẹ sún mọ́ àwọn èèyàn, ẹ kọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Dáre, ohun tí wàá kọ rè é, má fi ẹyọ kan kún un: “Jẹ́ kí fọ́tò yìí mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Má fọwọ́ kan ojú, awọ, ọwọ́ àti aṣọ ìyá yìí. Má fi ẹnikẹ́ni kún un. Má dí àyè tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀.” Tẹ̀ ẹ́, kó o sì fi í rọ́pò èyí tó wà ní pálọ̀.

Màmá, Ọlọ́run tó fi yín joyè á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ojú yín ṣọ́nà lásán. Ẹ bá mi kí ìjọ, ẹ bá mi kí àdúgbò, ẹ kí ìyàwó pásítọ̀ dáadáa. Ẹ sọ fún un pé mi ò wá. Ẹ wá fọwọ́ tọ́ka sí àyè yẹn, kẹ́ ẹ ní ibẹ̀ ni mo máa dúró sí.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́láńlé