Ariwo Inú Ọkọ̀ Oníbàárà Ọkọ Mi

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Rewáyà.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ọkàn mi balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn, irọ́ ni mo pa.

Obìnrin kan, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ó pupa fòò, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní bí òun bá ti ń lọ lójú ọ̀nà, ariwo kan á máa ké fíín-fíín nínú sípíkà òun bí ẹ̀fọn. Bí òun bá sì ṣe ń sáré sí i ni igbe náà ń ga sí i. Ọkọ mi tú wáyà, ó tún un so, ó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin náà lọ. Kò pẹ́ ló tún dé: "Ó tún ti ń ké o, Ọ̀gá." Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn. Lójú ọ̀nà, á ké. Ní ṣọ́ọ̀bù, á dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, mo fura. Ariwo wo ló ń bẹ̀rù ọkọ mi? Rédíò tèmi nínú ilé ti yadi tipẹ́, ó ní òun ò ráyè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti obìnrin yìí, á kó sábẹ́ àga ọkọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù. Ó tilẹ̀ wá ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ síbi iṣẹ́! Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bí o bá rí mi, o ó gbà pé wọn ò purọ́.

Nígbà tó tún dé, mo jáde sí wọn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín gùn ún díẹ̀, kí èmi náà gbọ́ ọ." Ọkọ mi lanu. Irọ́ ni mo fẹ́ lọ ká mọ́ obìnrin náà lẹ́nu. A lọ, kò sí ariwo. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. A dé oríta, ó mú fóònù jáde, ó ki ṣájà rẹ̀ bọ ihò iwájú ọkọ̀. Fíín! Mo yọ ọ́, ó dákẹ́. Mo tì í padà, ó ké.

"Ṣé ẹ máa ń fi èyí síbẹ̀ bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ wa?"

"Rárá o. Mo máa ń yọ ọ́ dání bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo rí bí ẹ ṣe ń wò mí. Ọkọ yín ò tíì wo ojú mi rí o. Bí a bá pàdé lọ́jà, kò ní mọ̀ mí." Ojú tì mí dé ilẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi ṣájà náà han ọkọ mi, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún rí i pé ibi tí wáyà rédíò ti kan irin ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Ó ha á títí ó fi ń dán, ó sì dè é pinpin. Wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n ki ṣájà bọ̀ ọ́, kẹ́kẹ́ pa. Ó bi mí pé kí ló gbé mi wọ ọkọ̀ náà. Mo ní etí mi ló mú. Ìwọ nìkan ni mo sọ òtítọ́ fún. Má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì gbọ́.

Bá mi kí i o, bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra. Ìyá wa àgbà náà ní kí n kí ọ.

Ní àná, obìnrin mìíràn gbé ọkọ̀ wá, ariwo ń bẹ nínú tirẹ̀ náà. Ọkọ mi ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ìyàwó mi á bá yín..." Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti jókòó síwájú, mo ti ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ò ní yí padà,
Ìyàwó Rewáyà.