Àga Pupa Inú Fọ́tò

Màmá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le koko, ẹ má ṣèyọnu.

Ẹ ní àbúrò mi ti ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ pa nítorí fọ́tò tí mo gbé sórí fóònù, pé irú àga pupa yẹn lòun náà fẹ́ máa jókòó lé. Eruku pọ̀ lára àga yẹn, Màmá. Èmi tí mò ń nù ún láràárọ̀ ni mo mọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá tí mò ń bá tọ́jú ilé ò sí nílé ni mo jókòó lé e ya fọ́tò.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń dáa. Owó tí mo fi ń ra dátà wo ilé onílé lórí fóònù, mo ti fi ra fóòmù. Mi ò sùn sórí sìmẹ́ńtì mọ́.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ ní kó tún fọ́tò náà wò dáadáa: ẹ̀wù tó rán fún mi nìkan ló jẹ́ tèmi níbẹ̀.