Ẹni Tó Dá Ìkíni Wa Lóhùn

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Igbó Ẹfọ̀n,
                                        Lẹ́kì, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Rùkáyàt, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Abẹ́òkúta? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Afusat ọmọ wa ńkọ́, àbí ó ṣì ń sá fún ilé kéwú? Ojú ń tì mí pé láti ìgbà fídáù Lateef ni mi ò ti yọjú sí yín. Mo mọ̀ pé orúkọ ọkọ rẹ yìí ṣì ń dùn ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá.

O rántí iṣẹ́ tí èmi àti òun jọ ń ṣe: àwọn ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Ọwọ́ la fi ń kọ ọ̀nà sínú wọn tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá já, àfi kí ẹnì kan gbéra lọ síbẹ̀. Ti Ṣàngótẹ̀dó tó já ni Lateef ń lọ tún ṣe tí ọkọ̀ fi gbá a ní márosẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá Bùsàrí fi ní kí n tan ìlànà tuntun tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ wá ọ̀nà fúnra wọn. Wọ́n á máa kí ara wọn. Èyí tó bá dáhùn ti di aládùúgbò, wọ́n á sì máa sọ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn. Ó yẹ kí n fún wọn ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n á fi dá ara wọn mọ̀, mo ní ó di ìgbà mìíràn. Èmi tí ìyá mi kọ́ pé bí mo bá gbọ́ orúkọ mi tí n kò rí ẹni tó pè mí, n kò gbọdọ̀ jẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo tan án. Oníru kí Igbó Ẹfọ̀n, Igbó Ẹfọ̀n kí Ajah, inú mi ń dùn. Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ kẹrin dáhùn láti ìhà Ṣàngótẹ̀dó. A ti ti ọ́fíìsì yẹn pa láti ìgbà ikú Lateef, a kò sì ní ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ mọ́. Orúkọ tó pe ara rẹ̀ ni Àwẹ̀ró. Rùkáyàt, ara mi bù máṣọ. Ta ló tún ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Lateef?

Òun ló sọ ráútà Ṣàngótẹ̀dó lórúkọ yẹn nígbà ayé rẹ̀, a sì máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Mo sáré wọ yàrá ìkẹ́rùsí wa níbí. Ẹ̀rọ náà wà lórí pẹpẹ níbi tí èmi fúnra mi gbé e sí lẹ́yìn tí a sin Lateef, kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo pe Ọ̀gá Bùsàrí, àwọn náà fọwọ́ kàn án, wọ́n sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Tóyọ̀sí, by Friday, fi password yẹn sí i,” ni wọ́n wí. “Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, kó máa lọ.”

Mi ò lè dá a ṣe. Tí mo bá ti fi í sí i, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Yóò máa kí wa lásán, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a lóhùn mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀. Ìwọ ni kó o sọ bóyá kí n tì í síta tàbí kí n fi í sílẹ̀.

Bá mi kí Ìyá dáadáa, kó o sì gbá Afusat mọ́ra fún mi. Sùlè awakọ̀ wa tó mú ìwé yìí wá yóò dúró gba èsì rẹ. Jọ̀wọ́, ìwé ni kó o kọ. Fóònù wa tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ọ̀nà tí a ní ló ti ń gba ọ̀dọ̀ ẹni yẹn kọjá báyìí. Bó o bá pè mí, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó o bá ní kí n ṣe fún òun.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Tóyọ̀sí.