Wá Pè Mí Lórúkọ Níwájú Akọ̀wé

Kíláàsì Kẹrin,
Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orí òkè,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ti lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé o pe gbogbo ilé? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé etí rẹ̀ ti là díẹ̀? Bá mi kí i, kí o sì pariwo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tiwa lò ń béèrè, a wà. Kò sí ẹni tó kú nínú wa. Mo tètè sọ ìyẹn kí o má baà fi igbe bọnu kí ọmọ rẹ tó ka ìwé yìí dé ìdajì.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Onídìrí ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa fi oyin sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Ibi tí o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ dùn jù, òun ni, kì í ṣe èmi.

Omi ya wọlé wa. Kì í ṣe odò, gọ́tà iwájú ilé ni. Láti ìgbà tí ọmọ alága àdúgbò wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni alága ti ń ṣèlérí pé òun máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà náà. Ọmọ yẹn ti gbéyàwó báyìí. Òjò rọ̀, gọ́tà kún, ó sì yà sọ́dọ̀ wa bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Nígbà tí omi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi ní kí n mú ohun kan ṣoṣo, kí a máa lọ. Ohun méjì ló wà níwájú mi: ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àti àpótí onípáànù tí gbogbo ìwé mi wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo gbé. Kò sí ẹni tí kò tíì bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí kan àwọn tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé. Mo ní ẹ̀rọ ti bọ́ mi, ó ti bọ́ ọmọ mi, ìwé kò fún mi ní òkèlè kan rí. Ẹnu mi le nígbà yẹn. Mi ò tíì mọ̀ pé ìwé ni wọ́n fi ń jẹ́ èèyàn.

Kíláàsì Kẹrin ni a wà báyìí, ìdílé mẹ́ta nínú yàrá kan. Tábìlì àwọn ọmọ ilé-ìwé la tò pọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ya àwòrán egungun èèyàn kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè orí mi, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rí bí mo bá jí. Ó ti mọ́ wa lára, èmi àti òun.

Ìjọba ti kọ́ ilé fún àwa tí omi lé jáde, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò sì pín kọ́kọ́rọ́. Mo ti lọ wò ó. Yàrá kékeré kan wà níwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ìdí fèrèsé yẹn ni mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ mi sí, kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ya lè rí mi láti ìta. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní káàdì ìdánimọ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Ti ọmọ mi wà lápò ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ òjò, nítorí náà wọn yóò fún un ní yàrá kan, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Ó ní kí n wá máa sùn ní igun. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, mi ò sùn ní igun ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ni mo bá lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, fáànù kan tó kọjú sí akọ̀wé nìkan, àti bẹ́ǹṣì kan tí gbogbo wa ń sún lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi ìdí nù ún. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé káàdì mi dà. Mo ní omi gbé e lọ. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé omi ló gbé e. Mo ní ṣé kí n lọ bá omi kó wá fọwọ́ sí i ni?

Èyí tó wá dùn níbẹ̀ ni pé akọ̀wé náà mọ̀ mí. Bí mo ṣe dé iwájú rẹ̀ ló dìde, ó tẹ̀ ba lẹ́yìn tábìlì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Alátùn-únṣe!" Ṣòkòtò tó wà nídìí rẹ̀, èmi ni mo rán an lẹ́yìn tí ijó fà á ya mọ́ ọn nídìí. Mo yọjú wò ó. Òwú mi ṣì dúró gbọin.

Mo ní, "Ọmọ mi, ó dáa tí o mọ̀ mí. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó ní, "Èmi mọ̀ yín, Màmá. Ọ́fíìsì ni kò mọ̀ yín."

Mo bi í pé níbo ni ọ́fíìsì yìí ń gbé, kí n lọ kí i. Ó ní kí n má bínú, kí n mú ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá. Wọn yóò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì dá orúkọ mi pè láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sí wọn létí. Ó ní àwọn kan ti ń ra ẹlẹ́rìí.

Kò parọ́. Géńdé méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa mọ èèyàn. Ọ̀kan sún mọ́ mi, ó ní, "Ìyá, màá jẹ́rìí fún yín, mo mọ̀ yín láti kékeré." Mo ní kékeré ta ni? Ó ní èyí tí mo bá fẹ́. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òpópónà wa, tí a kò tíì mọ ibi tó ti wá, àwọn méjèèjì yìí ló jẹ́rìí fún un. Ó gba káàdì rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó gbóná lórí bẹ́ǹṣì.

Èmi kò bá wọn dá sí i. Mo ní kí ni màá fi ẹlẹ́rìí tí a fowó rà ṣe, èmi tí mo ti pẹ́ ládùúgbò débi pé ajá ibẹ̀ kì í gbó mi? Mo kó àwọn mẹ́ta tó mọ̀ mí jù lọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo na etí sílẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ wọlé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa títí omi fi dé. Bí mo bá wúkọ́, ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo fi sùn.

Akọ̀wé ní, "Kí ni orúkọ ìyá yìí?"

"Ìyá Alátùn-únṣe ni."

"Orúkọ wọn ni mo ń béèrè, mà."

"Ìyá Àgbà."

"Èyí tí bàbá wọn sọ wọ́n."

"Háà, ọ̀gá mi, ṣé mo wà níbẹ̀ ni?"

Alága àdúgbò ló tẹ̀lé e. Ó wọ kóòtù, ó sì to bírò mẹ́ta sí àpò àyà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kó wá kọ nǹkan. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òun ṣe bá omi jà. Nígbà tó sinmi kó lè mí, akọ̀wé bi í léèrè orúkọ mi. Ó ní Ìyàwó Olóògbé Káfíńtà. Akọ̀wé ní orúkọ ọkọ wọn nìyẹn. Alága ní rárá o, iṣẹ́ ọkọ wọn ni. Orúkọ ọkọ náà, òun kò rántí.

Ọkàn mi kò mì, nítorí ọmọ mi ló kù. Ó wọlé. Wọ́n ní ta ni ìyá yìí sí i. Ó ní ìyá òun ni. Wọ́n ní kí ni orúkọ wọn. Ọmọ mi họ orí. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Màmá." Akọ̀wé ní kó tún gbìyànjú. Ni ọmọ bá pe oríkì tí bàbá rẹ̀ fi ń pè mí nígbà tí ebi bá ń pa á. Kò dúró níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ó ń kó àwọn baba ńlá mi bọ̀ sínú ọ́fíìsì ní méjì-méjì, akọ̀wé sì ń béèrè pé èwo nínú gbogbo rẹ̀ ni orúkọ ìdílé.

Mi ò lè bá ọmọ wí. Ta ló kọ́ ọ pé ẹnu tó bá pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, ẹnu náà yóò wú? Èmi ni. Ilé tí mo fi itọ́ mọ ló wó lù mí.

Mo jókòó, mo rò ó. Àwọn kan ń pè mí ní ìyá, àwọn kan ń pè mí ní ìyàwó òkú, gbogbo ayé ń pè mí ní Alátùn-únṣe. Orúkọ mi gan-an wà lókè àjà bí àwo tí a gbé pamọ́ de àlejò, àlejò kò sì dé. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún, ṣùgbọ́n èèyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì, kò sí àyè.

Akọ̀wé ní ọ̀nà kan ló kù. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá ti kùnà, ọ́fíìsì kò tún gba ẹnì kankan láti àdúgbò mọ́, àfi ẹni tó mọ̀ mí nílé bàbá mi kí n tó lọ́kọ, tí yóò pe orúkọ mi mọ́ ti bàbá mi. Ó rọra bi mí bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, àbúrò mi ti lọ. Mo ní ẹnì kan kù. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ó kù.

Ìwọ nìyẹn. Ṣé o rántí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé rẹ, èyí tí o sá sóòrùn tí o kò rí mọ́? O dé ẹnu ọ̀nà wa ní kùtùkùtù, o dojú korobá dé, o gun orí rẹ̀, o sì ké orúkọ mi àti ti bàbá mi pé olè ni mí. Gbogbo òpópónà ló jáde. Lọ́jọ́ kejì, a rí bọ́tìnì ẹ̀wù náà nínú ìgbẹ́ ewúrẹ́ ìyá rẹ. Di òní, o kò tíì tọrọ àforíjì. O ní ewúrẹ́ kò jẹ́wọ́.

Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mò ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà ni, mi ò kàn mọ ohun tí mò ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Wọ mọ́tò àárọ̀ Ọjọ́rú. Káàdì tìrẹ, má jù ú sínú báàgì, àyà ni kí o fi sí. Bí òun náà bá sọ nù, a ó jọ di ẹni tí kò sí. Bí o bá dé iwájú akọ̀wé, má pè mí ní ọ̀rẹ́ rẹ, má pè mí ní ìyá ẹnikẹ́ni, má sì sọ ìtàn orúnkún rẹ fún un. Dúró bí o ṣe dúró lórí korobá. Gbé ohùn sókè, kí o pè mí bí o ṣe pè mí lọ́jọ́ yẹn. Bí o bá fẹ́ fi olè kún un, fi kún un. Ẹlẹ́rìí tí a fowó rà kì í bú èèyàn láti inú wá tó bẹ́ẹ̀, akọ̀wé á mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọmọ mi máa wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ó gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má baà kọ Alátùn-únṣe sórí sàréè mi.

Bá mi kí gbogbo ilé rẹ. Oníbúrẹ́dì ní kí n kí ọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, wọ́n ti ń rò pé ó fẹ́ fi àwọn sùn. Egungun ara ògiri náà kí ọ.

Mo ní kí ìyàwó ọmọ mi kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ibí yìí. Ó ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní èèyàn kì í kọ orúkọ ìyá ọkọ. Mo ní ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n? Ó ní rárá. Mo ti ki àtàǹpàkò mi bọ yíǹkì, mo sì tẹ̀ ẹ́. Wò ó dáadáa. Ìwọ nìkan ló mọ ẹni tó ni ín.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Olè Ẹ̀wù
(àtàǹpàkò ọwọ́ òsì)