Ilé Aláṣọ Tí Ẹ Fẹ́ Fi Màámi Sí

Bọ̀dá Tàjù, ta ló gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra ilé aláṣọ tí mọ́tò ń fà, kí ẹ fi gbé Màámi lọ sùn nínú igbó Kánádà? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Gbogbo wa ní Tudun Wada ń kí yín. Ikọ́ ọyẹ́ ti fi Bàbá sílẹ̀.

Mo fi fọ́tò ilé aláṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ han Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kai! Ọmọ mi fẹ́ràn mi." Nígbà tó yá, wọ́n rọra bi mí pé, "Mọ̀dínátù, ṣé aṣọ nìkan ló máa wà láàárín èmi àti tọkọtaya?"

Kí ìyá ọkọ máa gbọ́ bí ìyàwó ọmọ ẹ̀ ṣe ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì! Ṣé ẹ ti gbàgbé ìtìjú ni? Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ga dé ìbàdí, kò sí tọ́lẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, orúnkún Màámi sì tún ti wú. Wọ́n ní n má sọ fún yín, kí inú yín má baà bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Fún ẹ̀yin àtàwọn ọmọ, ó dáa. Kí Ọlọ́run fi ayọ̀ kún ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn orúnkún ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí Màámi bá dé lóṣù keje, tí ẹ sì ń lọ sínú igbó yẹn, níbo ni wọ́n máa sùn? Ẹ dá mi lóhùn.