Owó Ọkọ̀ Èèyàn Méjì

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn àjò, mo sì kí ọ kú ìfaradà ariwo ìlú ńlá yẹn, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lò níbẹ̀ tí etí mi ṣì ń hó títí di òní. Ọlọ́run tó mú ọ lọ tó sì mú ọ bọ̀ kò ní gbàgbé rẹ. Ara mi le, àfi orúnkún, ìyẹn náà sì ti mọ́ mi lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ti tún òrùlé ilé ìdáná kàn, ó sì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un nítorí ó ti bá àkàbà jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù wà, mo fi aṣọ dì í kí iná inú rẹ̀ má baà máa tú dànù lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá wa ṣájì fóònù, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń tẹ́tí.

Ọ̀rọ̀ ìpàtẹ tí o fi orúkọ sí fún mi ni. O ní kí n kó àwọn àpò okùn tí ìyá rẹ hun sílẹ̀ kó tó kú wá sí gbọ̀ngàn tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń tajà, pé ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ni àwọn ará ìlú ńlá ń wá báyìí. Mo ronú títí pé kí ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀, àbí ẹsẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n mo gbà.

O mọ bí èmi àti ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe é. Òun a hun àpò, èmi káfíńtà a gbẹ́ igi ìgbámú, òun a wá fi okùn so ó mọ́ ọn, a sì fi eyín gé okùn náà, nítorí kò fẹ́ràn kó máa wá àlùmọ́gàjí kiri. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi ni mo so èyí tó kù, ó sì hàn kedere pé káfíńtà ló so ó. Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí kò tíì hun dé ẹnu, aláwọ̀ ewé, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Tìrẹ ni ìyẹn. Ó ní òun máa mú un dání lọ́jọ́ tí òun bá ń bọ̀ wá wo ilé tí o gbà, kí òun má baà wọlé ọmọ òun lọ́wọ́ òfo. Àìsàn ni kò jẹ́. Mo mú un lọ, kì í ṣe láti tà á, kí àwọn èèyàn lè rí bí wọ́n ṣe ń hun ún ni.

Láti ibùdókọ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi nìkan ni, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ má fi òun ṣeré láàárọ̀. Mo rò pé wọ́n ti ń gba owó lórí àpò ẹrù nìyẹn, mo san án. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jókòó tì mí. Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání wo àyè náà, ó kí i pẹ̀lẹ́ mà, ó sì lọ há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo bá a dáhùn, mo ṣebí oorun ló ń kùn ún.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lo awò ojú ló wá pàdé mi, ọmọ tó mọ èèyàn kí ni. Bí a ṣe ń lọ, ó na ọwọ́ sí ilé rẹ láti títì, èyí tó ga tó ní géètì búlúù, ó ní o ò sí nílé ni, ibi iṣẹ́ rán ọ jáde. Mo gbé ojú sókè díẹ̀, ọrùn ń ro mí, mo sì ń lọ. Ìró ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn mi dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn.

Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń fi okùn so káàdì mọ́ àwọn èèyàn lọ́rùn bí ẹni fẹ́ fà wọ́n lọ jẹko. Wọ́n fún mi ní méjì. Mo béèrè ìkejì, ọ̀dọ́bìnrin tó ń pín in ní ti ìyá ni. Ojú ẹsẹ̀ ló yé mi pé orúkọ àwa méjèèjì lo kọ sínú fọ́ọ̀mù, o ṣe é re. Mo rí i pé àwọn ará ìlú ńlá ń bọ̀wọ̀ fún ohun tí a bá kọ sílẹ̀, wọn kì í wádìí bóyá ẹni náà ṣì wà láyé. Àga méjì, omi oníke méjì. Mo fi káàdì ìyá rẹ kọ́ àga rẹ̀. Omi rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án, ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fà á mu. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ lójú àánú, apá mi tó kọjú sí àga yẹn nìkan ló ń fẹ́, ó tutù wọ egungun. Obìnrin ọlọ́ṣẹ tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń làágùn, ó ń ṣàròyé pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ láti àárọ̀.

Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Èmi tí oníbàárà máa ń wá bá nínú ìsọ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wá rajà. Mo kàn jókòó. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń kí àga. Obìnrin olówó kan gbé àpò kan, kí n tó la ẹnu ló ti ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, òun máa san án, ṣùgbọ́n ìyá yìí le o. Iye tó san ju iye tí o ní kí n pè lọ. Mo ṣebí inú fóònù ni wọ́n ti ń rí iye ọjà, nítorí kálukú ló ń wo nọ́ńbà báǹkì rẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ lẹ̀ mọ́ tábìlì, tó sì ń tẹ fóònù kó tó lọ. Wọn a gbé ojú fóònù sí mi, èmi a kí i, wọn a lọ.

Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán kan fi fóònù yà wá, ó sì fi àwòrán hàn mí. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga kejì, ó tẹrí ba sórí àpò aláwọ̀ ewé, okùn wà láàárín eyín rẹ̀. Mo wo àga, kò sẹ́nì kankan. Mo wo fóònù, ó wà níbẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà bóyá gbogbo fóònù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní gbogbo fóònù òde òní ló dára, bàbá. Èmi tí mo ti ń bú wọn láti ọjọ́ yìí. Omi bọ́ lójú mi, ọlọ́ṣẹ rò pé ọṣẹ òun ló ta sí mi lójú, ó ń bẹ̀ mí.

A tà á tán. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo gbé àpò aláwọ̀ ewé, ó ti ní ẹnu yí ká. Okùn ìparí rẹ̀, eyín ló gé e, orí rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ẹrù pẹ̀lú káàdì rẹ̀.

Awakọ̀ àárọ̀ yẹn náà ló gbé mi padà. Mo na owó èèyàn méjì sí i, ó dá ìdajì padà, ó ní èmi nìkan kúkú ni mo wọkọ̀. Ọkùnrin oníkùn ńlá kan sì jókòó tì mí, ó fún mi mọ́ fèrèsé títí délé. Mo tú ẹrù, mi ò rí àpò, mi ò rí káàdì. Ìgbà yẹn ni ara mi balẹ̀, mo ti mọ ibi tí ìyá rẹ yà sí.

Torí náà, bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn rẹ tí o yọjú ní ojú kékeré ara ilẹ̀kùn tí o kò rí ẹnikẹ́ni, ṣí i. Kò mọ àpótí irin tó ń gbé èèyàn ròkè lò, àtẹ̀gùn ló máa gbà, jẹ́ kó sinmi. Má sá fún un. Gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, mú un yí ilé ká, kó rí ibi tí o ń sùn. Bó bá ní kọ́tìnnì rẹ kò dáa, má bá a jiyàn. Ohun tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, pé òun ò mọ ilé ọmọ òun.

Nínú owó àpò tó wọlé sọ́dọ̀ rẹ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti èèyàn kan ní àlọ, ti méjì ní àbọ̀. Fi rán ẹni tó ń bọ̀, má gba inú fóònù. Mo ti gbẹ́ igi ìgbámú àpò rẹ, òun ni yóò so ó. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dúró dè mí, ilé yìí tóbi jù fún mi.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn rẹ kò sì ní tì mọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.