Bàbá Kò Fẹ́ Sọ̀kalẹ̀ ní Dzakar

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kìn-ín-ní
Mo dé Dzakar, abúlé wa lórí òkè. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti wá gbẹ̀yìn. Omi inú korobá ti di yìnyín. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ Bàbá. Akọ Màlúù — orúkọ tí mo fún Bàbá, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — ti rù. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Ó bu tíì oníbọ́tà fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Mo sọ ohun tó gbé mi wá: kó bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ sílé mi ní àfonífojì, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Pelkyi, ibí ni ìyá rẹ kú sí. Ibí ni màlúù mi wà. Kí ni mo fẹ́ lọ jẹ nísàlẹ̀? Ooru?"

Ọjọ́rú, 8
Ó jáde sọ́dọ̀ àwọn màlúù rẹ̀ láàárọ̀, kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Yìnyín dí ọ̀nà. Choezom, aládùúgbò wa, gbé ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ wá fún iná. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Dzakar tó ń mí bí àlejò! Ìsàlẹ̀ ti bà ọ́ jẹ́, o ò lè mí afẹ́fẹ́ òkè tó fẹ́lẹ́ mọ́." A rẹ́rìn-ín. Orí ń fọ́ mi láti ọjọ́ Ajé. Mi ò sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Mo bì. Mo ṣubú lẹ́nu ààrò. Àyà mi ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Bàbá gbé orí mi lé itan. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ọ̀nà ti là. Choezom ló sọ fún mi: Bàbá tẹ ọ̀pá lọ sí ibùdókọ̀ láàárọ̀, ó jókòó sínú òtútù títí awakọ̀ fi dé. Ó ní, "Ọmọ mi ò lè mí. Ẹ fún wa láyè méjì." Méjì! Ó ti fa màlúù rẹ̀ lé Choezom lọ́wọ́. Mo sunkún sínú ẹ̀wù awọ àgùntàn Bàbá.

Ọjọ́rú, 15
Níbi tí ọ̀nà ti ga jù, gbogbo èrò bọ́ọ̀sì kígbe sí àwọn òòṣà òkè: "Tiyín ni ìṣẹ́gun!" Bàbá fẹ́ kígbe, ikọ́ ò jẹ́. Mo bá a kígbe tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Àfonífojì. Mo ti ń mí dáadáa. Bàbá sọ fún dókítà pé òun kàn sìn mí wá ni. Dókítà ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ọkàn rẹ̀ ti wú. Bó bá tún gun òkè yẹn, kò ní í pẹ́ tó fi máa kú.

Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti wọ bàtà rẹ̀.

"Ara rẹ ti yá. Ọjọ́ wo ni bọ́ọ̀sì ń padà?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Lọ béèrè."

Mo ní mò ń lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí, tí mò ń kọ èyí.